Ẹsẹ̀ Òsì Lórí Ìrọ̀rí

Àbúrò mi ga. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn, bí ẹni pé àwa tí a jọ ń gbé ò tíì fura. Nígbà tó wà ní kékeré, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń nàgà kí ọwọ́ wọn tó tó kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, orí tirẹ̀ ti fẹ́ máa kan àtẹ́rígbà. Níléèwé ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Òpó Iná. Ìyá wa kọ́kọ́ bínú sí orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá fẹ́ kó bá òun gbé ìkòkò sọ̀ láti òkè kọ́bọ́ọ̀dù.

Aránṣọ ni mí. Gbogbo ṣòkòtò tó ń wọ̀, èmi ni mò ń fi aṣọ kún ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ṣòkòtò òpó iná. Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, lórí àjà kẹta ilé kan tí kò ní líífítì. Yàrá kan ni tirẹ̀, yàrá kan ni tèmi, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó bá ga kì í bẹ̀rù. Ẹ dákun, ẹ bi mí. Tí aáyán bá fò nínú ilé wa, èmi tí n ò ga dé èjìká rẹ̀ ló ń pè. "Àǹtí mi, ẹ wá o!" Màá mú bàtà, màá pa á, òun á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Mi ò fi ṣẹlẹ́yà rí, àfi nínú ilé. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn: ara gígùn, ọkàn jẹ́jẹ́.

Básíkẹ́ẹ̀tì niṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í ṣe eré ìdárayá o, iṣẹ́ oṣù ni. Ẹgbẹ́ tó ń gbá a fún wà nínú líìgì tòótọ́, wọ́n ní bọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n ní gbọ̀ngàn tiwọn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń wá orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àbúrò mi ni kó dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Tí bọ́ọ̀lù bá kọ̀ tí kò wọlé, òun ni kó fò, kó já a gbà mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìgúnpá pọ̀ sí jù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń já lé ara wọn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí sáà ń sún mọ́ ìdajì, ó fò, ó já lé bàtà ẹlòmíì, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ́. Balógun ló gbé e jáde. Balógun ni gbogbo wa ń pe olórí wọn, ọkùnrin tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí láti ìgbà tí àbúrò mi ṣì ń lọ iléèwé. Ó ki èjìká bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó mú un dé inú bọ́ọ̀sì, òun náà ló sì gbé e gun àtẹ̀gùn wa dé orí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ wá. Ìrọ̀rí mi tó dáa jù lọ ni mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ náà, mo wá ká aṣọ àwọn oníbàárà mi jọ fún ara mi, mo fi rọrí.

Ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìṣòro. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan ẹni tí wọ́n ń pè ní Pásítọ̀, tí kì í ju bọ́ọ̀lù láìgbàdúrà: iṣan itan rẹ̀ já. Ọ̀kan fi ìka ṣẹ́, ọ̀kan gba ìgúnpá sójú. Nígbà tó yá, àwọn tó wọ aṣọ ilé jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì pọ̀ ju àwọn tó wọ aṣọ eré lọ. Níbi ìdánrawò, wọn ò pé mẹ́wàá mọ́, ni kóòṣì tó ń kọ́ wọn bá ní kí dírẹ́bà bọ́ọ̀sì bọ́ sójú pápá. Dírẹ́bà wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ti òun ṣubú, nítorí òun lòun máa gbé gbogbo wọn lọ sílé. Ó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo wọlé, a ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

A lè rẹ́rìn-ín sí ti dírẹ́bà, ṣùgbọ́n ti Balógun kì í ṣe ẹ̀rín. Kò sẹ́lòmíì tó ga lára àwọn tó kù, ni òun tí kì í ṣe abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni àyè rẹ̀ bá bọ́ sípò àbúrò mi. Orúnkún rẹ̀ ti ń wú tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa omi kúrò níbẹ̀, ìgbà tí eré mìíràn bá fi dé, omi á ti kún padà.

Wọ́n ní ìṣe kan nínú ẹgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ tó lè lóye ọ̀rọ̀ mi, ẹ ní láti mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà kan ló ń di ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó wọ pápá, Bàbá Báńdéèjì ni wọ́n ń pè é. Ṣáájú eré, á dúró níwájú ẹni tó fara pa, á bi í pé, "Ó ti rí?" Èsì tónítọ̀hún bá fọ̀, òun labẹ gé. Kò ní tẹ ẹsẹ̀ náà wò, kóòṣì ò ní jiyàn, ẹnì kankan ò ní fojú burúkú wò ó. Bàbá náà á ní, "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run." Nítorí náà ẹnu ẹni tínú ń run ni wọ́n ń gbọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tó dáa ni, lójú mi títí dòní. Òun náà ló sì jẹ́ kí àbúrò mi rí ibi sá sí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹsẹ̀ náà jinná pátápátá, mi ò kàn mọ̀ nígbà náà ni. Ó ti pinnu pé eré tó ń bọ̀ lòun máa padà. Ó wọ aṣọ ilé, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì fún ìgbà ìkẹyìn, ni Kékeré, ẹni tó kúrú jù tó sì yára jù nínú wọn, bá sáré bọ̀ níwájú wọn níbẹ̀, ó kọsẹ̀, ojúgun rẹ̀ ṣẹ́. Àbúrò mi gbọ́ ìró egungun náà. Ó ní kò dún rara. Ó ní ó dún bí ìgbà tí mo bá ṣẹ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀ lórí orúnkún.

Nígbà tí eré mìíràn dé, Bàbá Báńdéèjì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. "Òpó, ó ti rí?"

"Ó ṣì ń dùn mí, Bàbá."

Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé ọ̀rọ̀ náà jáde kí òun tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu. Bàbá kàn fọwọ́ bà á léjìká, ó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Balógun wọlé lọ gbá bọ́ọ̀lù náà.

Irọ́ kan ò lè dá gbé. Ó ní láti máa tiro báyìí, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn nìkan, ó ní láti máa tiro lójú títì, lórí àtẹ̀gùn, nínú ilé níwájú mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lájà kìn-ín-ní, á sáré ṣílẹ̀kùn tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: "Rọra o, ọmọ mi. O kú ìrora." Ìyàwó ilé kejì wa bu ọbẹ̀ ránṣẹ́. Èmi náà ò dákẹ́. Gbogbo oníbàárà tó bá wá gba aṣọ ni mò ń ro ẹjọ́ ẹsẹ̀ náà fún, bí àbúrò mi ṣe ń fara dà á, bí kò ṣe ń kígbe. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin gidi ni." Màá ní, "Ẹ ẹ̀ tíì rí nǹkan kan." Òun á sì wà nínú yàrá, á máa gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, a jókòó sídìí ìrẹsì, ó kàn ń fi ṣíbí tú u ká. Ó ní, "Dókítà ní tí Balógun ò bá sinmi báyìí, orúnkún yẹn lè má ṣeé gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé."

"Kó sinmi nígbà náà."

"Ta ló máa dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀?"

Mo ní kí Ọlọ́run tètè wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ sàn, kó lè lọ gbà á sílẹ̀. Kò ṣe àmín. Ó dìde, ó tiro wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, mò ń ran ọwọ́ aṣọ, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn tí mi ò dá mọ̀. Ọ̀kan á balẹ̀, èkejì á wọ́ tẹ̀lé e, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo yọjú. Balógun ni, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó gbé ọ̀rá ọsàn lọ́wọ́ kejì, òógùn ti bò ó níwájú orí.

Mo ké sínú ilé pé, "Òpó! Balógun ń bọ̀ wá kí ẹ o!" Mo gbọ́ tí nǹkan dún gbì nínú yàrá. Mo rò pé ó ń gbìyànjú láti dìde ni, àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Àǹtí, ẹ kú ilé o."

"Balógun, ẹ káàbọ̀. Kí lẹ wá yọ ara yín lẹ́nu sí, pẹ̀lú àtẹ̀gùn yìí?"

"Ó mà ga o! Lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọkùnrin yín gùn ún, kò ga tó báyìí. Àbí ẹ ti fi kún un ni?"

A rẹ́rìn-ín. Mo mú un wọ yàrá. Àbúrò mi ti nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí mi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, báńdéèjì wà lọ́rùn ẹsẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò lè dìde."

"Dìde lọ síbo? Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́." Balógun jókòó sórí àga, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ nà síwájú. Ó sọ ti dírẹ́bà, bó ṣe ní kí wọ́n rán aṣọ eré tó ní nọ́ńbà fún òun, mo sì ní kó wá sọ́dọ̀ mi, màá fi aṣọ kún ti ikùn. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìrora rẹ̀: "Àárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Á gbà mí láti ọrùn ẹsẹ̀, á gòkè dé ojúgun."

Balógun ń gbọ́ ọ, ó ń mi orí. Nígbà tó ṣe, ó ṣíwọ́ orí mímì. Mo tẹ̀lé ojú rẹ̀ lọ síbi tó ń wò.

Ẹsẹ̀ òsì ló wà lórí ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ òsì ni báńdéèjì wà. Ọ̀tún, tí èmi fi omi gbígbóná tọ́jú, tí Balógun gbé níwájú gbogbo ayé, wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí nǹkan kan lára, ó ń ju ọmọ ìka rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò ní wàhálà láyé. Àbúrò mi ò tíì mọ̀. Ó ṣì ń sọ ti ojúgun.

Balógun dìde. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi sì mọ ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ná orúnkún rẹ̀, nítorí mo rí bó ṣe fi eyín di ètè. Ó di gìgísẹ̀ òsì náà mú bí ẹni di ẹyin mú, ó gbé e kúrò lórí ìrọ̀rí, ó gbé e sílẹ̀. Ó fa ìrọ̀rí náà sún. Ó wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi lé e.

"Báyìí ló ṣe yẹ kó wà," ló sọ, kò sì sí ìbínú kankan lóhùn rẹ̀. "Kára ó le o, Òpó." Ó bá jáde.

Ì bá jẹ́ pé ó bú u! Ì bá jẹ́ pé ó da ọsàn náà lù ú! Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Wọ́n ní ojú kì í ti wèrè, ará ilé rẹ̀ lojú ń tì. Èmi ni ará ilé náà. Mo sin Balógun dé orí àtẹ̀gùn, mo la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ̀rù ló bà á. Èmi náà gbọ́ ìró egungun Kékeré yẹn. Ó bà mí lẹ́rù."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń wọlé gbá a."

Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀: ọ̀kan á balẹ̀, èkejì á wọ́ tẹ̀lé e. Mo dúró títí mi ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo padà wọlé, àbúrò mi ti fi ìrọ̀rí náà bojú. Mo já a gbà. Mo ní, "Gbé ojú sókè! Òpó Iná tí kò níná! Èmi tí mo fi aṣọ oníbàárà rọrí, èmi tí mo ń yìn ẹ́ fún gbogbo àdúgbò! Ọkùnrin yẹn ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lórí ẹsẹ̀ tó bàjẹ́, ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ dá ṣáṣá ń fò sórí bẹ́ẹ̀dì!"

Ó ń sunkún. Gígùn ara rẹ̀ ò wúlò fún nǹkan kan lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. "Àǹtí mi, ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ pé ara mi ti yá, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ló yá. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ka iye eré tí Balógun ti gbá nítorí mi."

"Kí lo wá ń dúró dè? Kó di pé kò lè gbá òmíì mọ́?"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tiwa, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti bá a.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá kóòṣì. Ó ti pinnu láti sọ òótọ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Kò tíì jókòó tí kóòṣì fi dìde gbá a mọ́ra.

"Balógun ti pè mí. Ó ní o fẹ́ fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí òun lè sinmi."

"Kóòṣì, ẹsẹ̀ mi ò dùn mí. Ó ti pẹ́ tí kò ti dùn mí."

"Ẹ gbọ́ bí akọni ṣe ń sọ̀rọ̀!" ni kóòṣì wí, ó sì pe àwọn yòókù kí wọ́n wá gbọ́.

Ó tún sọ ọ́ fún Bàbá Báńdéèjì lọ́jọ́ eré. Bàbá wò ó títí, ó ní àwọn tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń dùn jù, ó sì fi báńdéèjì dì í nípọn. Láti ọjọ́ tí bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́, bóyá ìgbà kan ṣoṣo tí kò gba ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe ìsinmi ni ti Balógun o. Láti òru ọjọ́ tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ni orúnkún rẹ̀ ti wú, kò sì wálẹ̀ mọ́. Dókítà ní bọ́ọ̀lù ti parí fún un. Balógun ní kì í ṣe àtẹ̀gùn wa ló fà á. Dókítà ní òun ò lè sọ. Èmi tí mò ń gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́ mọ ohun tí mo rò, mo sì fi sínú ara mi.

Lọ́jọ́ eré, gbogbo ilé wa ló wá. Tíṣà wọ kóòtù. Ìyàwó ilé kejì wa gbé ọmọ pọ̀n. Èmi wà láàárín wọn, mo tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Wọ́n ń pe àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi ni wọ́n pè kẹ́yìn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní, "Ẹ dìde fún ọkùnrin tó fi ìrora rẹ̀ pamọ́ nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀!"

Gbọ̀ngàn dìde. Gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, Tíṣà ń nu ojú. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀!" ni wọ́n ń wí fún mi, ni mo bá dìde.

Balógun jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì nínú aṣọ ilé, níbi tí àbúrò mi máa ń jókòó sí, táwẹ̀lì wà léjìká rẹ̀. Ó fọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, ó fẹ́ dìde pẹ̀lú àwọn yòókù. Ara rẹ̀ gòkè díẹ̀, ó padà. Ó tún gbìyànjú, ó tún padà. Ó wá jókòó síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè lórí orí rẹ̀ kí àbúrò mi lè rí i, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àbúrò mi rí i. Gbogbo wa rí i.

Wọ́n borí lọ́jọ́ yẹn. Ara àbúrò mi ti sinmi tó, ó fò ju ẹnikẹ́ni lọ, gbogbo ìgbà tó bá sì fò ni Tíṣà máa ń kígbe pé, "Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nìyẹn o!" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

A padà sílé, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó di irin mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wọ́ èkejì tẹ̀ lé e, ó dúró. Ó tún gbé ọ̀kan. Tíṣà, tó ti ṣíwájú wa dé, ṣílẹ̀kùn: "Ẹ kú ìrora o, akọni!" Àbúrò mi ò wò ó.

Mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. "Ó dùn ẹ́ lónìí ni?"

"Rárá, Àǹtí mi," ló wí, kò sì fi irin náà sílẹ̀. "Mo fẹ́ mọ bí àtẹ̀gùn yìí ṣe jìnnà tó ni."

Mo gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e.